Kámẹ́rà Wọ Agídíngbì

Ẹni tó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, ọkọ̀ ojú irin ni kó wọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì akérò, orí itan ni báàgì máa ń wà, ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó jókòó tini á sì máa gún lẹ́ńsì láti Ìwó Road títí dé Bẹ́jà. Nínú rélùwéè, àyè wà lókè orí fún ẹrù, fèrèsé fẹ̀, oorun sì ṣeé sùn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ojú irin tuntun yìí ti ń kó èrò. Kìlómítà 157 ni gígùn rẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò sì sí lórí ẹ̀. Mọ́níyà ni mo ti wọlé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Orin ló gbé mi jáde nílé. Mo fẹ́ lọ ya fọ́tò Fẹ́mi Kútì àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Positive Force, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ní ilé-ijó Ṣíráìnì tuntun, Agídíngbì, n'Ìkẹjà.

Ẹrù mi ò pọ̀. Kámẹ́rà àlòkù kan, lẹ́ńsì 50mm tí ojú rẹ̀ ń ṣí dé f/1.8, àti lẹ́ńsì 70-200mm tó ń fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí, èyí tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. Bátìrì wà, káàdì wà, ìwé pélébé àti bírò wà, òwú tí n ó fi dí etí náà wà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ sípíkà ni ayafọ́tò máa ń bá ara rẹ̀. Mo fi fláàṣì sílẹ̀ sílé. Ibi àríyá ni fláàṣì ti wúlò, níbi tí ẹni tó ń náwó fún olórin ti fẹ́ kí gbogbo ayé rí iye tí òun lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Lóde orin tó ní iná tirẹ̀, fláàṣì á kàn pa gbogbo àwọ̀ tí oníná ti tò kalẹ̀ ni, á sì fọ́ ojú ẹni tó ń fun fèrè.

Ọkọ̀ dúró ní Láderin, l'Abẹ́òkúta. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ náà, mọ̀lẹ́bí sì ni òun àti Fẹlá, bàbá Fẹ́mi. Ìlú yìí ni wọ́n bí Fẹlá sí lọ́jọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1938. Bàbá rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde lórí ọ̀rọ̀ owó orí, títí Aláké fi fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ẹni tí mo ń rò lójú fèrèsé, bàbá àgbà Fẹlá ni: Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 tó sì kọ orin ìsìn lédè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ohùn rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n àwo ò lè sọ fún wa bó ṣe dúró, bóyá ó di ojú nígbà tó ń kọrin, bóyá òógùn bò ó nínú yàrá tó há. Àwọn nǹkan tí àwo ò lè gbà sílẹ̀ wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ ẹni tó gbé kámẹ́rà lọ sóde orin. Orin fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, mo wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ sí Ọ̀gbà, nílé àbúrò ìyá mi.

"Ṣíráìnì kẹ̀?" ni Mọ́mì Ọ̀gbà wí nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ. "Ibi tí wọ́n ti ń mugbó lo fẹ́ gbé irú kámẹ́rà yẹn lọ? Ọmọ tá a bí sínú ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Ta ló fẹ́ sanwó ẹ̀ fún ẹ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n bu ìrẹsì fún mi, wọ́n ní kí n má pẹ́ níta.

Kó tó di pé mo lọ sí Agídíngbì, mo yà sí Gbẹ́misọ́lá Street, n'Ìkẹjà, níbi tí Fẹlá gbé títí tó fi kú lọ́jọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1997. Ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 2012, Kalakuta Museum ni wọ́n ń pè é. Sàréè rẹ̀ wà lọ́gbà ilé náà. Lókè, ẹ ó rí iyàrá rẹ̀, aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀, àti pátá tó máa ń wọ̀ nìkan tó bá ń gba àlejò. Ara ògiri ni mo pẹ́ sí jù, nítorí pé fọ́tò ló wà níbẹ̀. Fẹlá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, Fẹlá fẹnu sí sakisofóònù, Fẹlá láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀. Nínú ọ̀kan lára irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn tó gbé fèrè lé èjìká, tó ń wo Fẹlá bí ẹni tó ń dúró de àṣẹ. Ta ni? Mo wo abẹ́ fọ́tò, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó wà níwájú, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ti ẹni tó wà lẹ́yìn ni kò sí.

Ọkàn mi ò kúrò lórí ọkùnrin yẹn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe Afrobeat, irú orin tí Fẹlá ń kọ, máa ń pọ̀ gan-an. Onílù, onígìtá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, alágogo, onílù àkúbà, afunfèrè rẹpẹtẹ, akọrin tó tún jẹ́ oníjó. Tony Allen tó ń lu ìlù fún Fẹlá, ayé mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó kúrò, ó sì ṣe orúkọ fúnra rẹ̀ ní Paris, níbi tó kú sí ní 2020. Lekan Animashaun, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ani, wà pẹ̀lú Fẹlá láti ìgbà ẹgbẹ́ Koola Lobitos ní àárín àwọn ọdún 1960. Òun ló ń fun sakisofóònù tó tóbi tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, òun ló sì wá ń darí Egypt 80, ẹgbẹ́ Fẹlá. Mélòó nínú wa ló máa dá a mọ̀ nínú fọ́tò?

Ilé-ijó tí wọ́n ń pè ní Ṣíráìnì lónìí kọ́ ni Fẹlá lò. Tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Empire Hotel, Ìdí-Orò, ní Múṣin, ó sì wá kó lọ sí Pepple Street n'Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Yábis, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, lálẹ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Yẹni àti Fẹ́mi, àwọn ọmọ rẹ̀, kọ́ tuntun sí Agídíngbì, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2000. Gbọ̀ngàn ńlá ni, àwòrán Kwame Nkrumah, Malcolm X àti àwọn akọni aláwọ̀ dúdú mìíràn wà lórí ògiri. Àgò onírin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé fún àwọn oníjó. Ní oṣù keje ọdún 2018, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, wá síbẹ̀, ó ní òun ti mọ ibẹ̀ láti ìgbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn ní Nàìjíríà ní 2002. Fọ́tò ọjọ́ yẹn lọ káàkiri ayé. Gbogbo kámẹ́rà kọjú sí àlejò.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú tí eré gan-an máa ń wáyé. Ó ti pẹ́ tí Fẹ́mi ti ń fi Ọjọ́bọ̀ dánrawò níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹnikẹ́ni lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kó ra ohun mímu, kó jókòó. Ìdánrawò yẹn ló ṣe mí lóore jù nínú gbogbo ìrìnàjò yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé báàgì dúdú dání kì í kàn wọlé. Ẹnu géètì ni wọ́n ti dá mi dúró.

"Ọ̀gá, kí lẹ gbé síbẹ̀?"

"Kámẹ́rà ni. Mo fẹ́ rí ẹni tó ń bójú tó ètò kí n tó yọ ọ́."

"Ti ìwé ìròyìn ni àbí ti ara yín?"

"Tara mi ni. Ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ ya fọ́tò. Lónìí, mo kàn fẹ́ gbọ́ orin."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ nǹkan," ló wí, ó wá pe ẹnì kan fún mi. A jọ sọ̀rọ̀, ó fi ibi tí mo lè dúró hàn mí, ó ní kí n má gun orí ìtàgé, kí n má sì ya àwọn tó jókòó sídìí tábìlì láìtọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì sàn ju kí èèyàn máa fi kámẹ́rà pamọ́ sábẹ́ agbádá, kí ọkàn rẹ̀ má balẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ìlú àwọn òyìnbó, àwọn tó ń ṣètò eré ńlá ní òfin kan tí gbogbo ayafọ́tò mọ̀: orin mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí o yà, láìlo fláàṣì, kí o sì bọ́ síta. Mo máa ń fi òfin yẹn rẹ́rìn-ín. "Confusion" tí Fẹlá gbé jáde ní 1975, ìṣẹ́jú 25 ni. "Zombie" ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Bí wọ́n bá fi orin mẹ́ta de ẹni tó wá ya Fẹlá, ọtí á ti tán nínú ìgò rẹ̀, agogo á sì ti yí, kó tó di pé wọ́n lé e síta. Orin Fẹ́mi kúrú ju ti bàbá rẹ̀ lọ, ó sì yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló ń tẹ̀ lé. Ìlù ló máa ń ṣílẹ̀kùn, gìtá á máa sọ gbólóhùn kan náà lásọtúnsọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á gbá a mú, àwọn fèrè á wá bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu kọrin.

Ẹni tí kò mọ bí orin ṣe ń lọ á máa tẹ kámẹ́rà láìdáwọ́ dúró, á kó ẹgbẹ̀rún fọ́tò wálé, nínú gbogbo rẹ̀ àwọn afunfèrè á ti sọ fèrè kalẹ̀ tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e. Nítorí náà, kámẹ́rà mi ò jáde fún ìgbà pípẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo ń fetí sílẹ̀, mo ń kọ̀wé. Mo ṣàkíyèsí pé kí àwọn fèrè tó wọlé, Fẹ́mi á yí ojú sí onílù. Mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn afunfèrè máa ń fa èémí gígùn, èjìká rẹ̀ á gòkè, àwọn tó kù á wá gbé ohun èlò wọn. Láàárín ìgbà tí èjìká yẹn bá gòkè sí ìgbà tí ohùn bá jáde, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló wà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ wà lọ́jọ́ Àìkú.

Mo tún fi Ọjọ́bọ̀ wo iná. Iná pupa ló ń dààmú ayafọ́tò jù lọ níbi eré òde òní. Ojú wa lè gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í rí ìyàtọ̀ kankan nínú rẹ̀, ojú olórin á kàn dà bíi tòmátò tí ẹnì kan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí àtúnṣe tó lè gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ là, àfi kí èèyàn sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun, tàbí kó ní sùúrù kí oníná yí àwọ̀ padà. Iná LED tún ní àléébù mìíràn. Ó máa ń tàn, ó máa ń kú, léraléra, kíákíá débi pé ojú èèyàn ò lè mọ̀. Bí ayafọ́tò bá lo ṣọ́tà tí kì í dún, ìlà òkùnkùn á fa ara rẹ̀ gba àárín fọ́tò kọjá. Ṣọ́tà onírin tó ń dún "ká" ni mo lò. Ta ló máa gbọ́ ọ níbi tí àwọn fèrè ti ń ké?

Àwọ̀ ara wa náà lẹ́tọ̀ọ́ sí àkíyèsí. Nígbà tí Kodak ń ta fíìmù aláwọ̀ káàkiri ayé, wọ́n máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìfọ̀fọ́tò, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Ojú Shirley ni wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀rọ. Bí ojú Shirley bá ti gún régé, tẹlòmíràn tó bá dúdú kirikiri, àbùkù tirẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó ṣàtúnṣe, lára ohun tó sì sún wọn ṣe é ni pé àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi ṣàròyé pé àwọ̀ ọjà àwọn ò hàn dáadáa. Kámẹ́rà ìsinsìnyí sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe fẹ́, á rí òkùnkùn orí ìtàgé, á rí àwọ̀ dúdú, á rò pé iná ò tó, á sì mú ojú olórin funfun bí ẹni tí eérú dà lé lórí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣètò tèmi: ojú lẹ́ńsì ní f/2.8, ṣọ́tà ní 1/250, ISO ní 3200, tí iná bá lọ sílẹ̀ mo gbé e dé 6400. Tí ṣọ́tà bá falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ onílù á pòórá, ìdí oníjó á di kùrukùru. Àwọ̀ dúdú tó ń kọ mọ̀nà fún òógùn, tí iná bù lù láti ẹ̀gbẹ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni mú un mọ́lẹ̀ sí i.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, èrò kún. Èéfín igbó gba gbogbo afẹ́fẹ́, Mọ́mì Ọ̀gbà ò parọ́ rárá. N ó sọ òótọ́: èéfín yẹn a máa ṣe fọ́tò lóore, ó ń jẹ́ kí ìtànṣán iná hàn láti òkè wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fín in, mi ò kọjú kámẹ́rà sí i. Òfin ilẹ̀ wa ò fàyè gba igbó, ojú èèyàn nínú fọ́tò sì lè di ẹ̀rí ní ibòmíràn láìmọ̀. Àwọn kan rí mi, wọ́n fi ọwọ́ bojú. Mo yí kámẹ́rà kúrò, wọ́n gbé ìgò sókè kí mi.

Fẹ́mi jáde, ìlù ti wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà kì í dúró lójú kan: ó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, ó gbé sakisofóònù, ó ń jó, ó ń sọ̀rọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá ń lé e kiri á rẹ̀ ẹ́. Mo mọ orin náà láti Ọjọ́bọ̀, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ níwájú, mo na lẹ́ńsì gígùn sí àwọn tó wà lẹ́yìn. Ó yí ojú sí onílù. Èjìká gòkè. Mo tẹ̀ ẹ́. Nínú fọ́tò yẹn, ohùn kankan ò tíì jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú, ojú wọn wà lára ara wọn, òógùn wà létí ọ̀kan tó fẹ́ já bọ́. Kò sí Fẹ́mi níbẹ̀ ju èjìká rẹ̀ kan lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo yà, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ìgbà kan dé tí Fẹ́mi di ohùn kan mú lórí sakisofóònù tí kò já a. Iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú ni. Ní 2017, ní Ṣíráìnì yìí kan náà, ó di ohùn kan ṣoṣo mú fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 40, ó ń fi imú mí, ó ń fi ẹnu fun. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé fọ́tò ohùn gígùn kò yàtọ̀ sí ti ohùn kúkúrú. Iṣan ọrùn rẹ̀ ni mo yà, mo tún ya onígìtá kan tó ń wò ó tó ń mi orí.

Nígbà tí ìsinmi dé, ọ̀kan nínú àwọn oníjó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yà mí àbí?"

"Mo yà yín. Ẹ wò ó." Mo fi hàn án.

Ó wò ó títí. "Ojú mi ló hàn. Ìdí nìkan ni wọ́n sábà máa ń yà. Ṣé ẹ máa fi ránṣẹ́ sí mi?"

Mo fún un ní ìwé pélébé mi, ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé ìwé náà tọ àwọn afunfèrè lọ nígbà tí wọ́n ń kó ohun èlò wọn sínú àpótí lóru. Ọ̀kan bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi orúkọ òun ṣe. Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣì í kọ.

Fẹlá alára mọ iyì fọ́tò. Ó ní ayafọ́tò tirẹ̀, Femi Bankole Osunla, tí wọ́n ń pè ní Femi Foto, ó sì gbà kí Lemi Ghariokwu fi fọ́tò àwọn ṣọ́jà ṣe èèpo àwo "Zombie". Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé rẹ̀ ní Agege Motor Road, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún fíìmù rẹ̀, The Black President, jóná níbẹ̀. Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, iná kan ṣoṣo ló ń gbà. Èyí tó wà lọ́wọ́ onílù, lọ́wọ́ oníjó, lọ́wọ́ afunfèrè àti lọ́wọ́ ẹni tó yà á, ó di ọ̀ràn mìíràn.

Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, ní ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí Fẹlá, Felabration tí Yẹni Kútì dá sílẹ̀ ní 1998 máa ń kó olórin tó pọ̀ wá sí Agídíngbì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kámẹ́rà, ẹ lọ. Ẹ gbọ́ orin náà kẹ́ ẹ tó yà á, ẹ tọrọ àyè lẹ́nu géètì, ẹ fi fláàṣì sílé. Tí ẹ bá délé, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn olórin sábẹ́ fọ́tò, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí wọn. Mo ti fi ti oníjó yẹn ránṣẹ́.